Mọ́mì, Ṣé Kí N Ta Fóònù Mi?

Télọ̀ kan ní Ìbàdàn, tó pe ara rẹ̀ ní "Ó Ti Sú Mi", ló kọ̀wé sí mi. Kó tó gbàdúrà òwúrọ̀, fóònù ló kọ́kọ́ ń gbé. Gúrúùpù ìjọ, ti ilé-ìwé ọmọ, ti aṣọ ẹbí, ti ẹbí ọkọ. Àwọn oníbàárà ń béèrè aṣọ ní aago 11 alẹ́. Bó bá sì wo status àwọn ojúgbà rẹ̀, inú rẹ̀ a bàjẹ́. Ó fẹ́ ta fóònù náà, kó ra kékeré alátọ́ọ̀ṣì, kára lè tù ú.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, o kú iṣẹ́, o kú ìfaradà.

Má tà á. Orí fóònù yẹn lo ti ń gba àwòrán sítáì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ ni ìyà máa jẹ. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. Gbogbo èèyàn ló ti gbà pé o jẹ àwọn lésì nígbàkígbà tí wọ́n bá béèrè, ìwọ náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Gbèsè yẹn ló sú ọ. Bó o bá ra alátọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kàn máa pè ọ́ lórí rẹ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló le jù. Fi nọ́ńbà mìíràn ṣí WhatsApp Business. Fóònù tó ń lo síìmù méjì lè gbé e pẹ̀lú WhatsApp tìrẹ. O lè kọ wákàtí tó o ń ṣí àti èyí tó o ń tì sí i, á sì máa dá èèyàn lóhùn fúnra rẹ̀ bó o bá ti palẹ̀ mọ́. Kọ ọ́ pé: "Ẹ kú alẹ́ o. A ti ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó gbọ́ èsì láàárọ̀ ọ̀la." Àwọn kan á bínú. Jẹ́ kí wọ́n bínú. Àmọ́ oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ àdéhùn kì í wá èèyàn lóru. Mo mọ̀ pé ìyẹn á dùn ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ rẹ ló jẹ́ kí n sọ ọ́.

Gúrúùpù tí o kò mọ ohun tó o ń ṣe níbẹ̀, jáde. Láti 2022, WhatsApp kì í kéde ìjáde èèyàn fún gbogbo gúrúùpù mọ́, àwọn ádímìn nìkan ló ń sọ fún. Má jẹ́ kí fídíò máa já wọlé fúnra rẹ̀ mọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó 50% lé owó ìpè àti dátà, dátà ti kúrò lóhun à ń fi ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ status ló wọ̀ mí lára jù. O rí ilé tí ọ̀rẹ́ rẹ kọ́, o wá ń wo ara rẹ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan láyé. Ìwọ yìí kan náà lo kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà, bí ohun tí kò tó nǹkan, pé ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló ti ṣe fúrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ, tí ọ̀kan nínú wọn sì ti ń bọ́ ìyá rẹ̀! Status wo ni ìyẹn ti hàn? Fi status ọ̀rẹ́ rẹ pa mọ́ (mute) ná, kó má bàa máa yọjú sí ọ, kò ní mọ̀. Kó o wá lọ kí i kú oríire ilé, kẹ́ ẹ jọ jókòó dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó sọ ohun tí ilé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ.

Ọkọ rẹ ní o ń sá fún èèyàn. Ó jàre díẹ̀, torí náà, gúrúùpù ẹbí ọkọ, má jáde níbẹ̀ o. Pa ariwo rẹ̀, kó o sọ fún ìyàwó àgbà pé bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, kó pè ọ́. Bó bá pè, gbé e, ìgbàkígbà tó bá jẹ́.