Ọmọ tó ń yíjú kiri lẹ́nu ọmú ò tíì kọ ọmú o

Màmá Bọ̀bọ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ọlọ́run á wò ó fún yín. Ẹ ní ọmọ yín ti pé oṣù 7, tó bá mu ọmú díẹ̀ báyìí á já a sílẹ̀, á wo ẹni tó ń kọjá, á tún padà wá, á tún já a sílẹ̀, àti pé ìyá ọkọ yín ti ní kẹ́ẹ gba ọmú lẹ́nu ẹ̀ torí pé òun fúnra ẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gbà á lẹ́nu ẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún àkọ́bí mi nìyẹn, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni mo ní ní Gbági, n'Íbàdàn níbí. Ẹni tó bá mọ Gbági mọ ariwo ibẹ̀, alábàárù ń ké àgò, ẹni tó ń polówó oògùn gbé ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ kọ́rùn, oníbàárà dúró síwájú ẹ ó ń ná aṣọ. Nígbà tọ́mọ yẹn ṣì kéré ariwo ò kàn án rárá, bí ọmú bá ti dé ẹnu ẹ̀ ó ti dijú. Ìgbà tó di bí oṣù 5 ló yí padà. Ẹ na àǹkárá sókè, á wò ó. Fóònù dún, á yíjú, kì í sì í fi ọmú sílẹ̀ kó tó yíjú o, ṣe ló máa fà á dání lọ bíi rọ́bà, omi á sì lé ròrò sí mi lójú.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní omi ọmú mi ti kan. Ẹnì kan ní bóyá mo ti lóyún, pé ọmọ ló gbọ́ òórùn ẹ̀. Àgbàlagbà kan nínú ọjà ní kí n fi ewúro ra á kó lè gbàgbé ẹ̀ kíákíá. Ó ti rẹ̀ mí, ìtìjú tún wà níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọmọ òun ò fẹ́ òun, ni mo bá ra wàrà agolo àti fídà, mo gba ọmú lẹ́nu ọmọ oṣù 7. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ọ̀kan nínú ọyàn mi ti le bí òkúta, ó pọ́n, ó gbóná, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ló bi mí pé ṣé ọmọ kọ ọmú pátápátá ni àbí ó kàn ń yíjú kiri. Mo ní ó ń yíjú kiri ni, kódà lóru ó ń mu ún dáadáa. Ó wò mí, ó ní, "Ta ló wá sọ fún ẹ pé ó kọ̀ ọ́?" Mi ò lè dáhùn. Mo gbìyànjú láti dá a padà, ọmọ ti mọ fídà, omi ọmú náà sì ti lọ sílẹ̀ gan-an, bó ṣe tán nìyẹn.

Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn là yé mi ni pé láti bí oṣù 4 tàbí 5 lọ, ojú ọmọ ti ń rí ọ̀ọ́kán, ó ti ń dá ohùn èèyàn mọ̀, gbogbo ohun tó bá mira ló fẹ́ mọ̀dí ẹ̀. Ọmú ò burú, ọmọ ló ń gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀kejì ni pé ẹnu ẹ̀ ti le. Ohun tó ń fi ìdajì wákàtí mu nígbà tó wà ní jòjòló, ó lè mu ún tán ní ìṣẹ́jú 5 sí 10 báyìí. A máa rò pé kò mu nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó ti yó.

Nígbà tí ìkejì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà mí nímọ̀ràn mọ́. Mo ta kọ́tìnnì sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù láàárín ìdì aṣọ, mo fi àga kékeré síbẹ̀, mo bẹ aládùúgbò mi kó máa bá mi wo ọjà. Mo pa ohùn fóònù. Èmi náà kì í sọ̀rọ̀, torí bí èmi bá ń dá ẹni tó wà níta lóhùn, òun náà fẹ́ mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tó sì ràn mí lọ́wọ́ jù, tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ni pé kí n fọwọ́ fún ọmú díẹ̀ kí omi ẹ̀ ti máa sun kí n tó gbé e sí i lẹ́nu, torí ọmọ tó ti dàgbà ò ní sùúrù, tó bá fà á fún ìgbà díẹ̀ tí ò rí nǹkan á ti bínú yíjú. Tó bá ti bá a lẹ́nu kó tó rántí ayé, á gbé e mì.

Ìgbà tẹ́ẹ bá fún un náà ṣe pàtàkì. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí ojú ẹ̀ ò tíì là tán, tàbí tí oorun bá ti ń kùn ún, ẹ má jẹ́ kí àsìkò yẹn kọjá. Mo tún ní ìlẹ̀kẹ̀ ńlá kan tí mo fi okùn tó yi dáadáa sín, mo máa ń fi sọ́rùn kó lè rí nǹkan fọwọ́ mú, àmọ́ ẹ yẹ okùn ẹ̀ wò lójoojúmọ́, torí bó bá já, ọmọ lè gbé ìlẹ̀kẹ̀ mì. Ìborùn tí àwọn kan fi ń bo ọmọ, tèmi kọ̀ ọ́ o, ṣe ló ń ja ìjà.

Tó bá di òru, á wá gba gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóru. Ó rẹ̀ mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ mo dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un mo sì fara dà á, bí tọ̀sán ṣe ń dára sí i ni tòru ń dín kù.

Ti eyín, bó bá gé yín jẹ, ẹ má já ọmú gbà, ẹ ti ìka bọ igun ẹnu ẹ̀ kó yanu. Ẹ gbìyànjú kẹ́ẹ má lọgun. Èmi lọgun lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù ba ọmọ, kò fẹnu kan ọmú títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Irú ìyẹn ló yàtọ̀ sí yíyíjú kiri. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan tó bá ṣàdédé kọ ọmú pátá, tọ̀sán tòru, nǹkan kan ló sábà máa ń ṣe é, etí lè máa dùn ún, ẹnu lè bó, imú lè dí. Ẹ gbé e lọ rí nọ́ọ̀sì, kẹ́ẹ sì máa fún omi ọmú náà jáde kó má bàa gbẹ, ẹ fi kọ́ọ̀bù fún un mu. Wọ́n ní ó lè lo wákàtí 4 níta tí ooru ò bá ju ìwọ̀n 25 lórí Sẹ́síọ̀sì lọ, àmọ́ ooru ọ̀sán Gbági ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú kúlà tó ní yìnyín ni mò ń kó tèmi sí.

Ẹ tún wo ògì tí wọ́n ń fún un. Oúnjẹ dára fún ọmọ oṣù 7, àmọ́ ògì ṣíṣàn tí wọ́n ń rọ fún un láràárọ̀ lọ́sàn-án lè kún inú ẹ̀ tí ò fi ní wá ọmú. Ẹ fún un lọ́mú ná, kó tó kan ẹ̀kọ, kẹ́ẹ sì jẹ́ kó ki, kí ẹyin tàbí ẹ̀wà lílọ̀ wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká fún ọmọ lọ́mú nìkan fún oṣù 6, ká wá máa fi oúnjẹ kún un títí ọdún 2 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ oṣù 9, tàbí kẹ́ẹ tètè lọ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fojú ara wọn rí ìwọ̀n ẹ̀. Bí mo ṣe ṣe nìyẹn, nọ́ọ̀sì ló bá màmá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, màmá gan-an ló ń lé àwọn ọmọdé kúrò ní pálọ̀ pé ọmọ òun fẹ́ mu ọmú. Ọmọ yẹn mu ún títí ó fi pé ọdún kan àti oṣù 10.

Lálẹ́ òní, ẹ pa iná, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ẹ̀yin méjèèjì wọ yàrá. Lọ́la kẹ́ẹ bá mi ka pámpásì tó tọ̀ sí láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, bó bá tó bíi 6 tó rin dáadáa, ọmọ ń rí mu. Ẹ sọ iye tó jẹ́ fún mi.