Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o: ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ ibi iṣẹ́ wa fẹ́ ṣàjọ̀dún

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: Toastmasters, ẹgbẹ́ táwọn òṣìṣẹ́ fi ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ láìgbọ̀n. Ó jọ pé àsìkò àjọ̀dún wọn ló tó. Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ wa níbi iṣẹ́ máa pé ọdún márùn-ún lóṣù tó ń bọ̀, èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò ẹ̀. Prógíráàmù tí wọ́n gbé fún mi rèé: ọ̀gá àgbà á sọ̀rọ̀, igbákejì wọn á sọ̀rọ̀, HR á sọ̀rọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ náà á sọ̀rọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ká ya fọ́tò ká máa lọ sílé. Àwa mẹ́ńbà wá ńkọ́? Ẹnu mi ò sì gbà á kí n sọ fún ọ̀gá pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀. (Olùṣètò tórí ń fọ́)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, torí irú ẹ̀ ti ṣojú mi rí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, lọ́jọ́ tá a ṣe ọdún kìíní ẹgbẹ́ wa, ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wa ló ń ṣọ́ àkókò, ó jókòó síwájú pátápátá, páálí mẹ́ta wà lórí itan ẹ̀, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan yẹ́lò, ọ̀kan pupa. Ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n fún ọ̀gá. Nígbà tó pé, ọmọ yìí gbé pupa sókè, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀gá wo páálí yẹn, wọ́n rò pé ó ń kí àwọn ni, wọ́n juwọ́ sí i padà, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ọmọ ò mọ̀ bóyá kóun gbé e sọ̀kalẹ̀ àbí kóun fi í sókè bẹ́ẹ̀, ló bá fi ọwọ́ kejì ti ìgúnpá ró. Ìṣẹ́jú 25 gbáko. Ẹnì kan sì wà láàárín wa tó ti ń múra sípíìṣì ẹ̀ látọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ ló ti ń kọ́ ọ sórí, nígbà tó fi máa kàn án wọ́n ní àkókò ti lọ, mo rí i tó ká ìwé ẹ̀ sọ́nà mẹ́rin, ó tì í bọ àpò, ó wá ń pàtẹ́wọ́ bíi tàwọn yòókù. Mi ò gbàgbé ọjọ́ yẹn títí dòní.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ má ṣe ayẹyẹ rárá, míítìn ni kẹ́ ẹ ṣe. Míítìn tẹ́ ẹ máa ń ṣe gan-an, kí àlejò wá jókòó wò ó. Kí mẹ́ńbà méjì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti múra ẹ̀ sílẹ̀, ìṣẹ́jú 5 sí 7 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí páálí aláwọ̀ ewé jáde lórí 5, yẹ́lò lórí 6, pupa lórí 7, lẹ́yìn náà kí àwọn tó máa sọ ibi tó dáa àtibi tó kù sí fi ìṣẹ́jú 2 sí 3 sọ tiwọn. Ìyẹn gan-an ló máa ya àlejò lẹ́nu, torí ibi iṣẹ́ wo ni wọ́n ti ń sọ fún èèyàn lójú gbogbo ayé pé “ọ̀rọ̀ rẹ dùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ lo ń wò” kónítọ̀hún sì máa rẹ́rìn-ín?

Ti ọ̀gá, ẹ má lé wọn, iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fún wọn. Ẹ fi wọ́n sí Table Topics, kí wọ́n fa ìbéèrè kan yọ tí wọn ò rí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 1 sí 2 dáhùn bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Àmọ́ ẹ lọ bá wọn ṣáájú o, ẹ má lọ dẹ tàkúté fún ọ̀gá lójú àwùjọ, ẹ ṣàlàyé páálí pupa yẹn fún wọn dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa gbà, inú àwọn míì á tiẹ̀ dùn. Kí HR pín sátífíkéètì, wọn ò nílò máìkì fún ìyẹn. Tí ọ̀gá bá wá kọ̀ jálẹ̀ pé sípíìṣì làwọn fẹ́ ṣe, ẹ fi tiwọn sígbẹ̀yìn, ó kéré tán àwọn mẹ́ńbà ti sọ tiwọn tán nígbà yẹn, ọ̀gá náà á sì rí nǹkan gidi tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìbéèrè: Èmi ni wọ́n ní kí n sọ ìtàn ẹgbẹ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún, ìṣẹ́jú 7 péré. Mo ti kó nǹkan jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n, ó ti di ojú ewé mọ́kànlá. Èwo ni kí n yọ? (Arábìnrin opìtàn)

Ìdáhùn: Ẹ yọ ọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ fi nǹkan méjì sílẹ̀ nínú tàtijọ́, kẹ́ ẹ fi àkókò tó kù sọ tara yín.

Àkọ́kọ́ ni ti Ralph Smedley tó dá a sílẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé 22 oṣù kẹwàá ọdún 1924 ni, ní ìsàlẹ̀ ilé YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin Kristẹni, nílùú Santa Ana, California, òótọ́ sì ni. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ìyẹn kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú. Láti nǹkan bí ọdún 1905, nígbà tó wà pẹ̀lú YMCA nílùú Bloomington, ní Illinois, ló ti ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin jọ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bó ṣe kúrò níbẹ̀ báyìí ni nǹkan ọ̀hún tú ká. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún kó tó wá rí èyí tó dúró. Ẹ sọ ìyẹn, torí ó dájú pé ẹgbẹ́ tiyín náà ti fẹ́ kú lẹ́ẹ̀kan rí.

Ìkejì, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé obìnrin ni yín, ọdún 1973 ni wọ́n tó gba obìnrin wọlé ní gbangba, lẹ́yìn ọdún 49. Ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé kankan lé e, ẹ kàn wo àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ tú dúrọ́ọ̀ sẹ́kírítírì. Ẹ wá ìwé ètò míítìn yín àkọ́kọ́, ẹ wá ìwé ẹni tó ń ka ẹ̀ẹ̀ẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ah-Counter, tó máa ń fa igi kéékèèké síwájú orúkọ èèyàn nígbàkigbà tó bá ní “ẹ̀ẹ̀ẹ̀” tàbí “ìyẹn ni pé” tàbí “àbí kí ni wọ́n ń pè é”. Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ ẹnì kan tí igi kún iwájú ẹ̀ nígbà yẹn, tó sì jẹ́ òun ló ń darí ètò lọ́jọ́ àjọ̀dún, ìtàn ti parí nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀ ṣá o.

Ìbéèrè: Ó ti pé ọdún kan tí mo wọ ẹgbẹ́, aago ni mò ń ṣọ́ látọjọ́ náà, mi ò tíì sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mi. Wọ́n ní ọjọ́ àjọ̀dún ni kí n sọ ọ́. Àyà mi ń já. (Olùṣọ́ aago)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má gbà. Kì í ṣe pé o ò lè ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn tó ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀ ò rò ó dáadáa. Ice Breaker, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ìṣẹ́jú 4 sí 6 lórí ara rẹ, iwájú àwọn tó mọ̀ ẹ́ ló yẹ kó o ti sọ ọ́, ní míítìn lásán tí kò sí kámẹ́rà. Sọ fún igbákejì ààrẹ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ pé kó fún ẹ láyè lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Gbólóhùn àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn nìkan ni kó o há sórí, ìyókù ìgbésí ayé ìwọ fúnra rẹ ni, ta ló fẹ́ sọ pé o ṣì í sọ? Lọ́jọ́ àjọ̀dún, páálí ni kó o gbé sókè. Tí ọ̀gá bá juwọ́ sí ẹ, má gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ìbéèrè: Látìgbà tí àwọn èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ látilé, mẹ́sàn-án la kù nínú ẹgbẹ́ wa. Ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká ṣàjọ̀dún? (Àwa díẹ̀)

Ìdáhùn: Ó yẹ kẹ̀. Èèyàn 20 ni Toastmasters máa ń béèrè kẹ́ ẹ tó lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n 8 tó sanwó ti tó láti máa bá a lọ, ẹ ṣì fi ẹnì kan lé. Ẹ má gba gbọ̀ngàn ńlá, àga òfìfo ò dáa lójú. Yàrá míítìn kékeré ni kẹ́ ẹ lò, kí mẹ́ńbà kọ̀ọ̀kan fa ẹnì kan wá látinú ẹ̀ka ẹ̀, fífà ni mo sọ o, ẹ má fi í-meèlì ránṣẹ́ sí gbogbo ayé torí kò sẹ́ni tó máa kà á, kẹ́ ẹ sì fi Table Topics sílẹ̀ fún àwọn àlejò tó bá fẹ́ gbìyànjú. Ẹ gbé fọ́ọ̀mù sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà jáde, ẹ fi bírò sí i. Bírò tó ń kọ o, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú.