Ẹ Bi Wá: Omi inú ínkúbétọ̀, ṣé ó kéré ni àbí ó pọ̀ jù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ọkọ mi ló fi kúlà àti gílóòbù ṣe ínkúbétọ̀, ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin láìsí ìyá adìẹ, tí mò ń lò nílé. Nígbà òjò, ẹyin adìẹ mi ń pa dáadáa, àmọ́ látìgbà tọ́yẹ́ ti dé, ọmọ á pé sínú ẹyin, á hu irun tán, á tiẹ̀ ti ṣo ẹyin díẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa kú sí. Tí mo bá bó o, awọ inú ẹyin á ti lẹ̀ mọ́ ọn lára bíi nylon. Aládùúgbò mi ní kí n máa bu omi kún inú ẹ̀ látọjọ́ kìíní. Ṣóòótọ́ ni?
Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ìyá Ìbejì. Ọyẹ́ ló ń pa wọ́n, ẹyin yín ò ní nǹkan kan. Tí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná, ńṣe ló máa ń fa omi lára ohun tó bá bá pàdé. Nígbà òjò, ká ní ọ̀rinrin inú ilé jẹ́ 80%, tí ilé sì wà ní 27°C, tí afẹ́fẹ́ yẹn bá wọ ínkúbétọ̀ tó gbóná dé 37.5°C, á já wálẹ̀ sí bíi 44% láìfi omi kankan sí i, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún ẹyin. Tọyẹ́ wá ńkọ́? 20% ní 30°C á di 13% nínú kúlà yín. Kí lọmọ fẹ́ fi jáde níbẹ̀?

Àmọ́ ẹ má gba ti aládùúgbò yín tán o. Ẹyin gbọ́dọ̀ fọ́n omi díẹ̀ nù. Kó tó di ọjọ́ 18, ó yẹ kó ti sọ bíi 12 sí 13% ìwúwo ẹ̀ nù, ibi tómi yẹn ti kúrò lafẹ́fẹ́ ń gbà jókòó sí ìdí ẹyin tó fẹ̀, ibẹ̀ lọmọ máa kọ́kọ́ kẹ́nu bọ̀ láti mí kó tó ṣo ẹyin. Tẹ́ ẹ bá da omi kún un látìbẹ̀rẹ̀, àyè yẹn ò ní tó, ọmọ á wú, á kú sínú omi ara ẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rinrin wà ní 45 sí 50% títí di ọjọ́ 18, lẹ́yìn náà ẹ dẹ́kun yíyí ẹyin, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sí 65 tàbí 70% títí wọ́n á fi pa.

Ẹyin fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, mo fọkàn tán an ju mítà tó ń ka ọ̀rinrin lọ. Ẹ fi ìwọ̀n kékeré táwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò wọ̀n ọ́n: ẹyin 60g yẹ kó ku bíi 52 sí 53g lọ́jọ́ 18. Tí kò bá síwọ̀n, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sídìí ẹyin nínú òkùnkùn lọ́jọ́ 7, 14 àti 18, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ibi táyè afẹ́fẹ́ dé. Tí kò bá fẹ̀ sí i, ẹ dín omi kù. Tó bá ń sáré, ẹ fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí abọ́ omi fẹ̀, jíjìn ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ lè ki fóòmù bọ inú ẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sì ni kẹ́ ẹ bù. Ẹ má dí ihò afẹ́fẹ́ o, wọ́n ń mí. Tí ọmọ kan bá sì ti ń ṣo ẹyin, ẹ má ṣí kúlà mọ́, mo mọ̀ pó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ yọjú, gbogbo wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rinrin á jáde, awọ á gan mọ́ àwọn tí ò tíì jáde lára. Èyí tó ti jáde lè wà níbẹ̀ ọjọ́ kan láìjẹun, pupa ẹyin ṣì wà níkùn ẹ̀.

Ìbéèrè: Mítà tí mo rà lọ́jà, mi ò gbà á gbọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dán an wò?
Bọ̀dá Sọjí, Ìkòròdú

Ìdáhùn: Ẹ bu iyọ̀ sínú ọmọrí ìgò, ẹ kán omi sí i kó kàn tutù, kó má yọ́. Ẹ gbé òun àti mítà sínú ike tó dé pinpin mọ́jú. 75% ló yẹ kó kà. Tó bá ka 68, ẹ máa fi 7 kún un nígbà gbogbo.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè wọ́n omi sára ẹyin pẹ́pẹ́yẹ?
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: O lè wọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá wọn náà máa ń fi ìyẹ́ tútù padà sórí wọn. Ti adìẹ ò nílò ẹ̀. Kó o sì má tètè da ẹyin nù o, pẹ́pẹ́yẹ ìbílẹ̀ tiwa yìí máa ń tó ọjọ́ 35 kó tó pa.