Ta Gan-an Ni Ká Bá Tọwọ́ Bọ̀wé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi mímọ́ ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dá sílẹ̀. Àjọ ńlá kan láti òkèèrè fẹ́ kí a jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́ta la rí nínú ìwé wọn: ọ́fíìsì wọn tó wà lórílẹ̀-èdè wa, olú-iléeṣẹ́ wọn, àti ẹ̀ka wọn ní orílẹ̀-èdè mìíràn, níbi tí wọ́n ní owó ti ń bọ̀. Ta ni ọ̀gá nínú wọn, ta sì ni kí a bá tọwọ́ bọ̀wé?

Ìdáhùn: Ohun tó rú yín lójú yìí kì í ṣe àrékérekè, bí wọ́n ṣe ṣètò ọ̀pọ̀ irú àjọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Orúkọ kan ṣoṣo tí aráyé mọ̀ lè jẹ́ ti àjọ púpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè tirẹ̀, tó sì ní ìgbìmọ̀ alákòóso àti àpò owó tirẹ̀. Ìlú Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Oxfam, àjọ tó ń gbógun ti ìṣẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1942, ṣùgbọ́n ní 1995 ni àwọn àjọ tó dá dúró ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kóra jọ sábẹ́ Oxfam International. Médecins Sans Frontières, àjọ àwọn oníṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1971, ní ọ́fíìsì àgbáyé ní Geneva, síbẹ̀ Paris, Brussels, Amsterdam àti àwọn ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń darí iṣẹ́ gan-an, débi pé ẹ lè bá ẹ̀ka rẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè kan náà. Nínú irú àjọ báyìí, ọ́fíìsì àgbáyé ń ṣọ́ orúkọ àti ìlànà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn àjọ tó para pọ̀ dá a sílẹ̀ ni owó wà.

Àwọn mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ kan ṣoṣo ni wọ́n lábẹ́ òfin, ọ̀gá ọ́fíìsì tó wà lọ́dọ̀ yín kò sì lè tọwọ́ bọ ìwé tí owó rẹ̀ bá kọjá iye kan láìjẹ́ pé olú-iléeṣẹ́ fún un láṣẹ. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, bó ti wù kí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ jẹ́ ènìyàn rere tó.

Nítorí náà, ìbéèrè yín kejì ló ṣe pàtàkì jù. Àjọ tí orúkọ rẹ̀ lábẹ́ òfin bá wà níbi ìbuwọ́lùwé ni yóò jẹ yín lówó bí owó bá pẹ́, òun náà ló sì lè pè yín lẹ́jọ́. Ẹ béèrè ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ìwé tó fi hàn pé ẹni tó fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Inú wọn kò ní bàjẹ́; àwọn náà yóò béèrè ju èyí lọ lọ́wọ́ yín.

Ẹ má sì gbàgbé ẹ̀ka tí owó ti ń bọ̀. Ó ti bá ìjọba tàbí olówó kan ṣe àdéhùn, gbogbo ohun tó ṣèlérí níbẹ̀ nípa ẹ̀rí ìnáwó, iye ọdún tí a ó fi tọ́jú rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ aṣàyẹ̀wò owó láti wọlé wá, ni yóò sì máa bọ́ sí yín lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kékeré kì í mọ̀ títí aṣàyẹ̀wò yóò fi dé lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, tí yóò ní kí wọ́n dá owó tí rísíìtì rẹ̀ ti sọnù padà. Ẹ gba àwọn ojú ewé àdéhùn náà tó kàn yín kí ẹ tó tọwọ́ bọ tiyín.

Ibi tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù ni owó ìṣàkóso, ìyẹn owó ilé, iná, akápò àti àyẹ̀wò ọdọọdún. Ó wọ́pọ̀ kí àjọ ńlá gbà á lọ́wọ́ olówó, kí ó má sì fi nǹkan kan nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2016, níbi ìpàdé àgbáyé lórí ìrànwọ́ pàjáwìrì ní Istanbul, àwọn ìjọba tó ń fúnni lówó àti àwọn àjọ ńlá fẹnu kò pé tó bá fi máa di 2020, ó kéré tán ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìrànwọ́ yóò máa dé ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ ní tààrà bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ọdún náà kọjá, wọn kò dé ibẹ̀. Síbẹ̀, bí àjọ tó kọ̀wé sí yín bá wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i, ẹ tọ́ka sí i láìtijú nígbà tí ẹ bá ń béèrè ìpín yín.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ náwó kí àwọn tó san án padà, ẹ ṣírò iye oṣù tí ẹ lè fara dà. Ẹgbẹ́ tí kò ní owó nípamọ́ kò gbọ́dọ̀ gba irú ètò bẹ́ẹ̀; ẹ ní kí wọ́n máa san án sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí olówó bá fà sẹ́yìn lójijì, wọn yóò san owó iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe títí di ọjọ́ tí wọ́n fi tó yín létí.