"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́": òwe àwọn baba ńlá wa kọ́ o

Ẹnìkan bèèrè ìtumọ̀ òwe tó ní "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Ó tún bèèrè bóyá òótọ́ ni pé àwọn baba ńlá wa kórìíra ìdájọ́ ni wọ́n ṣe pa á. Mo mọ ibi tó ti gbọ́ apá kejì yẹn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ló ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ lórí rédíò láìpẹ́ yìí, pé Yorùbá ò ní ètò ìdájọ́ kankan kí òyìnbó tó dé, pé ẹni tó bá lágbára jù ló ń gba ilẹ̀ mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́, pé ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù kóòtù fi ń bà wọ́n. Mo pa rédíò náà. Ọmọ Ìkòròdú ni mí, agboolé tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ni wọ́n bí mi sí, etí mi ò sì gba irú ìyẹn.

Ta lẹ gbọ́ rí tó ní a kì í ti ààfin bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́? Ta ló ní a kì í ti ilédì, ilé ìpàdé Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà tó ń dájọ́ ìlú, bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́? Kò sí. Kóòtù nìkan ni wọ́n dárúkọ, kóòtù yẹn ò sì sí nílẹ̀ yìí kí òyìnbó tó gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹjọ, 1861. Ọmọ àná ni òwe yìí. Èrò tèmi, mi ò sì ní yẹ̀ lórí ẹ̀, ni pé ẹ̀sùn ni wọ́n fi òwe náà kan kóòtù. Àwọn tó kọ́kọ́ dé iwájú adájọ́ òyìnbó ló ń ròyìn ohun tí wọ́n bá bọ̀.

Níbí, òyìnbó ò kọ́kọ́ wọlé bí ọ̀tá. Nígbà tí Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, àwọn ọmọ ogun tí Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, kó wá láti ibẹ̀ ló lé wọn lọ ní oṣù Kẹta, 1865, àwọn àgbà wa ò sì gbàgbé oore náà. Ṣùgbọ́n ní 1892 wọ́n fi ìbọn arọ̀jò-ọta ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, nígbà tó sì di 1894, àwa náà ti bọ́ sábẹ́ ìjọba Èkó. Ajẹ́lẹ̀ dé, ọlọ́pàá dé, sàmáǹsì tẹ̀lé wọn.

Kí wá ni wọ́n bá nílẹ̀? Ẹjọ́ ń gorí àkàsọ̀. Olórí ẹbí ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ. Tó bá le jù fún un, ó di ti àwọn àgbà àdúgbò, lẹ́yìn náà Òṣùgbó ní ilédì, títí dé ọ̀dọ̀ Ayángbùrẹ́n, ọba Ìkòròdú. Mo ṣì bá díẹ̀ nínú ẹ̀ ní kékeré. Ọmọ bàbá méjì jà lórí ààlà oko, wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá àgbà mi ní Ìsẹ̀lẹ̀. Bàbá jẹ́ kí wọ́n rò tẹnu wọn tán. Ó pe àwọn ìyàwó wọn, ó pe ẹni tó ń kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà. Gbogbo wa ti mọ̀ pé àbúrò ló jàre, ẹ̀gbọ́n ló ṣí pèrègún ààlà nípò. Bàbá bá ẹ̀gbọ́n wí débi pé ó ń làágùn. Ṣé ibẹ̀ ló parí sí? Ó kọjú sí àbúrò: "Ìwọ tí o jàre, ẹnu wo lo fi bú ìyá ẹ̀gbọ́n rẹ lójú ọjà?" Ẹni tó jàre náà ló dọ̀bálẹ̀. Òun náà ló ra obì. Bàbá pa obì, àwọn méjèèjì jẹ nínú ẹ̀ lójú gbogbo wa, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ tí gbogbo agboolé bá wọn lọ sóko lọ tún pèrègún gbìn síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fúnra ẹ̀ ló gbẹ́ ihò. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀, àmọ́ gbogbo àwa ọmọdé tó wà níbẹ̀ ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ wá wo ti kóòtù. Àbúrò yín kì í wá bá yín mọ́, ọlọ́pàá tí ẹ ò mọ̀ rí ló máa mú ìwé dé ẹnu ọ̀nà yín. Adájọ́ ò gbédè yín, ògbufọ̀ ló dúró sáàárín, bó bá sì ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín ni ìdájọ́ ṣe máa rí. Ẹ máa sanwó ìwé, ẹ máa sanwó lọ́yà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níwájú adájọ́: ta ló jàre? Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè tó gba bàbá àgbà mi lọ́kàn ni báwo làwọn méjèèjì yóò ṣe jọ máa gbé agboolé kan náà títí wọ́n á fi kú. Kóòtù ò bi ẹnikẹ́ni nípa ìyẹn rí. Ẹni tó wọlé á jó jáde, ẹni tó jẹ̀bi á forí kó owó ìtanràn lọ sílé, kò sì sẹ́ni tó máa pa obì. Báwo ni wọ́n á ṣe ṣọ̀rẹ́?

Wọn ò sì fòfin de àṣà wa pátápátá o. Ọgbọ́n tí wọ́n dá jùyẹn lọ. Òfin tó dá kóòtù wọn tó ga jù sílẹ̀ ní Èkó ní 1876 gbà kí wọ́n máa tẹ̀lé àṣà ìbílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti tako òdodo àti ẹ̀rí ọkàn rere. Òdodo ta ni? Ẹ̀rí ọkàn ta ni? Adájọ́ tó wọkọ̀ ojú omi wá láti Lọ́ńdọ̀nù ni. Ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí Olóyè Olúwa pe ìjọba gan-an, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dá a ní 1921. Ó jàre, a dúpẹ́, àmọ́ ẹ wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó kéèyàn tó gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ baba ẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ rò pé Òṣùgbó ò lábàwọ́n. Ọwọ́ wọn le, olówó sì lè yí wọn lórí. Ẹrú tó sá dé Èkó rí òmìnira lábẹ́ òfin òyìnbó, obìnrin tọ́kọ ń lù sì ti ara kóòtù rọ́nà kọ ọkọ. Àwọn yẹn ò wá ọ̀rẹ́ lọ síbẹ̀, wọn ò sì bú kóòtù.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a ti gbàgbé tiwa tán. Ní 2002 ni wọ́n dá ẹ̀ka ìlàjà sílẹ̀ lábẹ́ ilé ẹjọ́ Èkó, níbi tí wọ́n ti ń mú ẹlẹ́jọ́ méjèèjì jókòó kí wọ́n fẹnu kò, tí wọ́n sì ń pè é ní ọgbọ́n tuntun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá àgbà mi rèé! Àwọn ọmọdé tó ṣe ẹlẹ́rìí pèrègún ọjọ́ náà ti dàgbà, òpó sìmẹ́ǹtì àwọn awọnlẹ̀ ló wà lórí ààlà báyìí, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò yẹn sì ti pe ara wọn lẹ́jọ́. Wọn ò kí ara wọn mọ́, ìnáwó ọ̀kan ò kan èkejì.

Nítorí náà, ìwọ tó bèèrè, ẹbí, aládùúgbò àti ọ̀rẹ́ la máa ń pa òwe yìí fún, nígbà tí inú bá ń bí wọn tí wọ́n fẹ́ lọ gba sàmáǹsì. A kì í pa á fún ẹni tí wọ́n jà lólè. Bí ọmọ onílẹ̀ bá ta ilẹ̀ kan náà fún ìwọ àti ẹlòmíràn, ìwọ àti ẹ̀ ò ṣọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀. Wá lọ́yà lọ.