Kí ọmọ tó lọ bá recruiter, ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́ ológun, ẹ jókòó kọ orúkọ ẹbí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston la wà. Ọmọ mi ọkùnrin máa pé ọdún 17 lóṣù tó ń bọ̀. Ó wà nínú JROTC níléèwé, ìyẹn ètò tó ń kọ́ ọmọ iléèwé girama ní ẹ̀kọ́ ológun, ó sì ní iṣẹ́ ológun lòun máa ṣe, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ àṣírí ìjọba. Bàbá rẹ̀ fárígá, ó ní ṣé kí ọmọ lè lọ kú sójú ogun la ṣe kó wọn wá síbí. Mo ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà lọ́dún tó kọjá, àmọ́ green card lọmọ náà ṣì ń mú rìn. Kí ló yẹ kí n ṣe kó tó fọwọ́ síwèé? Èmi ni Ìyá Tómi.

Ìdáhùn: Ìyá Tómi, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. JROTC kò de ọmọ mọ́ iṣẹ́ ológun, nítorí náà àyè ṣì wà. Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Tó bá jẹ́ pé ọmọ náà ti ní green card, tó ń gbé lọ́dọ̀ yín, tí kò sì tíì pé 18 nígbà tẹ́ ẹ búra, òun náà ti di ọmọ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ gba páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà fún un, kẹ́ ẹ mú ìwé ìbúra yín, ìwé ìbí rẹ̀ àti green card rẹ̀ dání. Ẹni tó ní green card lè wọṣẹ́ ológun, àmọ́ kò lè di ọ́fíísà, kò lè gba owó ẹ̀kọ́ ROTC, ètò tó ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì di ọ́fíísà, kò sì lè ṣe iṣẹ́ tó gba clearance, ìyẹn àṣẹ láti rí ìwé àṣírí. Iṣẹ́ tí ọmọ yín ń wí gba clearance.

Fọ́ọ̀mù SF-86 ni wọ́n máa ń kún fún clearance, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì wà. Apá 18 ń béèrè òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, títí kan àwọn tẹ́ ẹ jọ ní ìyá nìkan tàbí bàbá nìkan: orúkọ ní kíkún, ọjọ́ ìbí, ibi tí wọ́n bí wọn sí, ọmọ orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n, ibo ni wọ́n ń gbé. Apá 19 ń béèrè àjèjì, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tó sún mọ́ ọmọ láàárín ọdún méje sẹ́yìn. Ìyá àgbà tó ń gbàdúrà fún un lórí WhatsApp wà nínú ẹ̀, àǹtí rẹ̀ náà wà nínú ẹ̀. Apá 20 ń béèrè ilẹ̀ tàbí ilé lókèèrè, owó tó fi ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀, àti ìrìn àjò rẹ̀.

Ibí yìí lọmọ mi kejì ti kọsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan, àbúrò kan ló kọ síbẹ̀. Mo bí ọmọ méjì l'Abẹ́òkúta kí n tó fẹ́ ìyá rẹ̀, orúkọ wọn sì wà nínú gbogbo ìwé tí mo kọ fún ìjọba níbí, látorí green card dórí ìbúra. Ọmọ náà mọ̀ wọ́n, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló rò pé wọ́n jẹ́. Ìwé tèmi àti tirẹ̀ ò bára mu, wọ́n wá bi í pé kí ló dé tó fi wọ́n pa mọ́. Kó tó ṣàlàyé tán, wọ́n ti fi ẹlòmíì sí àyè rẹ̀, iṣẹ́ ìpèsè ẹrù ni wọ́n gbé fún un. Ẹnikẹ́ni ò fẹ̀sùn kàn án. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti wọ fáìlì rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì máa gba clearance míì ni wọ́n lè tú u síta. Ohun tó ń já mi láyà títí di òní nìyẹn.

Àwọn kan ní àwa bàbá la fi ẹbí pa mọ́ fáwọn ọmọ. Mi ò gbà. Ta ló ń jókòó ti ọmọdé láti máa pín ọmọ bàbá kan sọ́tọ̀? Ọmọ tó bá dàgbà nínú agbo ilé á mọ̀ láìsí olùkọ́. Owó ọkọ̀ òfuurufú èèyàn márùn-ún ni apá wa ò ká, ìyẹn ni ò jẹ́ kó mọ agbo ilé rí, ó sì ń dùn mí.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀. Orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ kọ, "Bàbá Ìbàdàn" ò wúlò níbẹ̀. Ọjọ́ ìbí tí kò bá dá yín lójú, ẹ má hùmọ̀ ọ̀kan: àyè wà nínú fọ́ọ̀mù láti fi hàn pé ìfojúbù ni. Tó bá ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, kó sọ. Tẹ́ ẹ bá ti ra ilẹ̀ sórúkọ rẹ̀, kó sọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ní wọn. Kó tọ́jú ẹ̀dà ohun tó kọ, torí wọ́n á tún béèrè.

Ní ti recruiter, ìlérí tí kò bá sí nínú ìwé àdéhùn kò sí. Ọdún mẹ́jọ ni gbogbo àdéhùn àkọ́kọ́, wọ́n máa ń pín in sí ojú iṣẹ́ àti ìpamọ́ (reserve), ìyẹn ìgbà tó ti kúrò lójú iṣẹ́ àmọ́ tí wọ́n ṣì lè pè é padà. Tó bá fọwọ́ síwèé tí ọjọ́ àtilọ ò tíì pé, ó ṣì lè kọ lẹ́tà pé òun ò lọ mọ́, ohunkóhun tí wọn ì báà sọ. Tí iléèwé bá fẹ́ ṣe ASVAB, ìdánwò tí wọ́n fi ń gbani síṣẹ́ ológun, ẹ ní kí wọ́n lo Option 8, kí èsì má bàa dọ́wọ́ recruiter kẹ́ ẹ tó múra. Máàkì 31 lè gbé e wọ Army, àmọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Genotype ńkọ́? Wọn kì í gba SS. AS lásán kì í dí ọmọ lọ́nà, àmọ́ kó sọ ọ́, torí ìdálẹ́kọ̀ọ́ nínú ooru lè dá irú wọn wólẹ̀. Ikọ́ fée tó bá yọ lẹ́yìn ọdún 13 ń fẹ́ ìyọ̀ǹda pàtàkì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó má sọ ọ́, ẹ má gbà: láti 2022 ni wọ́n ti ń wo ìwé ìtọ́jú ọsibítù lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ ọba ò pin sórí ìbọn. Iṣẹ́ Pathways, iṣẹ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún 16, wà lórí USAJOBS, ìkànnì tí ìjọba àpapọ̀ ti ń kéde iṣẹ́, clearance kan náà sì lè wà nídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kóun náà wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń kọ orúkọ, òun ló mọ ẹbí tirẹ̀. Bí ọmọ bá sì fẹ́ wọlé kó tó pé 18, ìbuwọ́lùwé òbí méjèèjì ni wọ́n máa béèrè.