Òkun ni kí ẹ bẹ̀rù ní Tenerife, kì í ṣe òkè

Àbúrò, o ní ìwọ àti ìyàwó rẹ ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Tenerife, erékùṣù Sípéènì nínú òkun Àtìláńtíìkì, lóṣù Kejìlá, pé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa ní òtẹ́ẹ̀lì tó wà l'Alágbàká, ẹ̀rù òkè ayọnáyèéfín nìkan ló ń bà yín. Mo ṣiṣẹ́ ní erékùṣù yẹn fọ́dún mélòó kan. Ẹ fi ti òkè sílẹ̀ jàre. 1909 ni iná ti yọ kẹ́yìn níbẹ̀. Òkun ni kí ẹ máa ṣọ́.

Òkè gíga tó ti ìsàlẹ̀ òkun yọ ni gbogbo erékùṣù náà, torí náà omi ibẹ̀ kì í jìn díẹ̀díẹ̀ bíi ti Araromi níbi tiwa ní Ìlàjẹ. Omi lè mu yín dé orókùn báyìí, kí ẹ gbẹ́sẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹsẹ̀ má tólẹ̀ mọ́. Ìgbì náà kò rí ilẹ̀ pẹrẹsẹ lábẹ́ omi tó máa gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo okun tó gbé bọ̀ láti àárín Àtìláńtíìkì ló fi ń balẹ̀. Mo rí i ní Bollullo, lápá àríwá, tó gbé ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan, tó fi èjìká rẹ̀ gbálẹ̀. Ó ń gbìyànjú àtidìde, omi ń fà á padà, òkúta wẹẹrẹ ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ro ẹ̀pà nínú agbada. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó dì í lápá.

Àsìkò òtútù tí ẹ mú yẹn gan-an ni ìgbì àríwá máa ń le. Gúúsù ni kí ẹ lọ, sí Las Vistas ní Los Cristianos. Wọ́n ti to òkúta sínú òkun níbẹ̀ láti gba ìgbì dúró, àwọn tó ń ṣọ́ òmùwẹ̀ sì wà. Las Teresitas náà dáa, iyanrìn aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n kó wá síbẹ̀. Ẹ wo àsíá: pupa, ẹ má wọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀yin rí àwọn òyìnbó nínú omi. Bí omi bá ń fà yín lọ, ẹ má bá a jà; ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ní ìbú etíkun títí yóò fi tú yín sílẹ̀.

Ẹ máa fẹ́ lọ sí Garachico, ìlú etíkun kan lápá àríwá, mo mọ̀, torí fọ́tò. Iná tó ti òkè ayọnáyèéfín ṣàn wọ òkun lọ́dún 1706 ló di àwọn adágún àárín àpáta yẹn. Kí ẹ tó bọ́ṣọ, ẹ dúró, ẹ wo òkun fún bí ogún ìṣẹ́jú, nítorí ìgbì ńlá máa ń sinmi kó tó tún dé. Bí àpáta tí ẹ fẹ́ jókòó lé bá ti tutù rinrin, ìgbì ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ wọ bàtà rọ́bà: iyanrìn dúdú ń jóni lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án, ohun abẹ̀mí ẹlẹ́gùn-ún kan sì tún ń gbé ara àpáta. Ẹ̀gún rẹ̀ máa ń dá sínú ẹran ara ni.

Kayak àti jet ski kò le, bí life jacket bá ti wà lọ́rùn yín. Àmọ́ bí ẹ bá gbé àgbá afẹ́fẹ́ ìmí wọ abẹ́ òkun, ẹ má gun Teide, òkè ayọnáyèéfín tó ń bà yín lẹ́rù yẹn, títí ọjọ́ kejì, ó kéré tán wákàtí 24. Ọkọ̀ orí wáyà ibẹ̀ ń gbéni dé 3,555 mítà, afẹ́fẹ́ tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ yín lábẹ́ omi lè hó níbẹ̀.